Àyè Nídìí Tábìlì, Àyè Lẹ́nu Iṣẹ́

Ibi kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 3:1–10, 2 Sámúẹ́lì 4:4, 9:1–13

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ pé ọrẹ àánú nìkan kò tó fún aláàbọ̀ ara, ó yẹ kí ó bá wa ṣiṣẹ́, kí ó sì bá wa gbafẹ́.

ỌRỌ̀ ÌṢÁÁJÚ
Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn àti ẹnu ọ̀nà ọjà ni ojú wa ti mọ́ rírí arọ àti afọ́jú. A ń ju owó sínú abọ́ wọn, a sì ń kọjá lọ. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ òní ń bi wá pé: ta ni ó pè wọ́n wọlé?

1. Ẹni tí a gbé dé ẹnu ọ̀nà
Ojoojúmọ́ ni a ń gbé ọkùnrin yìí wá sí ẹnu ọ̀nà Tẹ́ḿpìlì. Agbára wà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé e, ṣùgbọ́n a kò kà pé ẹnikẹ́ni gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Pétérù fà á dìde ní orúkọ Jésù, kò jókòó níbẹ̀ mọ́. Ó bá wọn wọlé.

2. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sàn
Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ìyẹn rí ìwòsàn. Ẹni tí kò rí i ńkọ́?" Ẹ wo Mẹfibóṣẹ́tì. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ ń gbé e sá lọ, tí ó ṣubú, tí ó sì yarọ. Dáfídì kò dúró dè é ní ààfin; ó ránṣẹ́ lọ mú un wá láti Lodébárì. Ohun méjì ni ó fún un: àyè nídìí tábìlì ọba, àti gbogbo ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù, kí oko tirẹ̀ lè máa bọ́ ọ. Nígbà tí orí náà parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì yarọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sàn, síbẹ̀ àyè rẹ̀ kò yẹ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe fi "à ń gbàdúrà fún un" ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

3. Láàárín wa lónìí
Àwọn àgbà ní a sọ fún arọ pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́. Ó ní ìsàlẹ̀ ni ó ti wọ́ wá. Nínú ọ̀ràn yìí, àtẹ̀gùn wa àti ìwà wa ni ìsàlẹ̀ tí ó wọ́.

Ní 2019 ni Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí ìfìyà jẹ aláàbọ̀ ara. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti la ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024. Ó tún ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú láti fi iṣẹ́ 5 nínú 100 sílẹ̀ fún wọn. Ǹjẹ́ ó yẹ kí òfin ìjọba ṣáájú ìfẹ́ ìjọ?

Ní 2012, Yakubu Adesokan gbé irin tí ó wúwo tó kílò 180 ní ìdíje Paralympic ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba góòlù fún Nàìjíríà. Bí a bá ti fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ta ni ìbá mọ agbára apá rẹ̀?

Ẹ̀yin télọ̀, káfíńtà àti oníṣòwò, ẹ gba aláàbọ̀ ara síṣẹ́, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́, bí ẹ bá ń dá aṣọ ìkórè tàbí tí ẹ ń jáde lọ gbafẹ́, ẹ kà á mọ́ yín. Ayò kò béèrè ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Kí ni Dáfídì ṣe tí ó ju fífún Mẹfibóṣẹ́tì lówó lọ?
2. Báwo ni ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ yóò ṣe dé ibi tí kíláàsì wa ti ń jókòó?
3. Ta ni aláàbọ̀ ara ní àdúgbò yín? Ta ni yóò lọ pè é kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?

ÀDÚRÀ: Olúwa, má ṣe jẹ́ kí a dá ẹni tí ìwọ pè dúró sí ẹnu ọ̀nà. Àmín.