Ìwúre fún Ilé Ìkàwé Àkọkà

Olódùmarè, Ọba tó ń gbọ́ ohun tí ọmọ ń kà sínú, mo dúró létí ọ̀sà ní Àkọkà, mo kọjú sí ilé ìkàwé ńlá Yunifásítì Èkó, mo wúre.

Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ 131 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ yunifásítì náà ní Ìdí-Àràbà, kí ó tó dé ibí. Ìwọ tí o sọ wọ́n di ogunlọ́gọ̀, má jẹ́ kí ọmọ dé ibí kí ó má rí àga jókòó.

Àkọkà ni wọ́n ń pe ilẹ̀ yìí, orúkọ a sì máa ro ọmọ. Kí ohun tí wọ́n bá kọ níbí di àkàtúnkà. Kí ohun tí wọ́n bá kà níbí má di àkàgbàgbé.

Mo wúre fún ọmọ tó ti Múṣin wá. Ẹni mẹ́fà ló ń sùn ní yàrá kan. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù níwájú, rédíò ń ké lẹ́yìn. Ó wọ danfó dé Yàbá, ó tún wọ òmíràn, kí ó lè rí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní pe orúkọ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ìdákẹ́jẹ́ ló wá wá. Olúwa, a ti ń ra omi l'Ékòó, a ń ra iná. Má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ di ohun tí olówó nìkan ń rà. Kí iná má kú lójú ìwé ọmọ yìí.

Mo wúre fún àwọn ìwé. Atẹ́gùn ọ̀sà tó tu wá lára, ọ̀rinrin inú rẹ̀ a máa mú bébà bu. Kí ìwé má bu, kí ikán má rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tó fi abẹ pamọ́ sára láti gé ojú ewé lọ, kí ọwọ́ rẹ̀ rọ. Kí ó rántí ẹni tí yóò ṣí ìwé náà lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń to ìwé padà sórí pẹpẹ, ìwé tó bá ṣi àyè jókòó ti sọnù nínú ilé. Kí ojú yín má ṣe bàìbàì. Kí owó oṣù yín má pẹ́.

Àti ìwọ tí o pa ìwé dé, tí o jáde wá létí omi, tí ò ń rò ó: kí ó yé ọ. Kí o kọ tìrẹ. Kí wọ́n tò ó sórí pẹpẹ yìí, kí ọmọ Múṣin mìíràn nawọ́ mú un.

Àṣẹ.