Andy Murray àti Ìbàdí Onírin

Nígbà tí ọdún 2016 fi máa parí, Andy Murray, ọmọ Scotland, ni wọ́n tò sí ipò kìíní nínú gbogbo ọkùnrin tó ń gbá tẹ́nìsì lágbàáyé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, òun àti Stan Wawrinka jọ figagbága ní Paris títí tó fi di sẹ́ẹ̀tì karùn-ún. Wawrinka borí, oríkèé ìbàdí Murray lápá ọ̀tún kò sì gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Síbẹ̀ kò sinmi. Ó lọ sí Wimbledon, ó ń tiro lójú gbogbo ayé, Sam Querrey sì lé e jáde. Ó tún gba New York lọ. Ó ku ọjọ́ méjì kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ kó tó yọ ara rẹ̀ kúrò.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ara wọn kì í gbé jẹ́ẹ́; bí ìrora bá dé, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. A máa ń pè é ní ìgboyà, a sì máa ń yìn wọ́n. Èmi ò gbà pé ìgboyà ni. Ara ń ké, wọ́n ń bò ó lẹ́nu.

Ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Murray ní Melbourne. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ó ti padà sórí pápá, ìrora náà sì bá a padà. Ní Washington, lóṣù kẹjọ, ó borí ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ó jókòó, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bojú, ó sì sunkún kíkankíkan.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ó jókòó níwájú àwọn oníròyìn ní Melbourne, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ lásán, bí òun bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ó ń dun òun. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ti tán fún un nìyẹn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìwòsàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó gbà pé ara kò le.

Bob Bryan, ará Amẹ́ríkà tó ń gbá tẹ́nìsì oníméjì, ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ mìíràn ní ọdún 2018, ó sì ti padà sórí pápá. Òun ló rọ Murray pé kó gbé e yẹ̀ wò. Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, wọn kì í gé orí eegun itan sọnù: wọ́n á gbẹ́ ẹ dán, wọ́n á fi irin dé e bíi fìlà, wọ́n á sì fi irin tẹ́ ihò tó ń yí nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún Murray ní London, lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2019 yẹn.

Lọ́tẹ̀ yìí kò sáré. Kí ìrora lọ ló kọ́kọ́ ń wá, kó lè máa gbé ayé bí èèyàn, bóyá ó tún gbá tẹ́nìsì tàbí kò gbá a mọ́. Lóṣù kẹfà, òun àti Feliciano López gba ife oníméjì ní Queen's. Lóṣù kẹwàá ó gba ife ẹlẹ́nìkan ní Antwerp, Wawrinka yẹn kan náà ló sì lù níbẹ̀. Kò dé ipò kìíní mọ́ o. Àmọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2023, ó fi wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú márùnlélógójì borí Thanasi Kokkinakis ní Melbourne. Aago mẹ́rin ti kọjá ní ìdájí kí wọ́n tó parí. Paris ló ti fẹ̀yìn tì, níbi Òlíḿpíìkì ọdún 2024.

Ọ̀rọ̀ ìbàdí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbá tẹ́nìsì nìkan. Nílé wa níbí, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń ba orí eegun itan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́, débi pé àwọn kan nínú wọn nílò ìbàdí tuntun kí wọ́n tó pé ogójì ọdún. Ọ̀pọ̀ dókítà ló máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ìbàdí fún pé, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má lóṣòó, kó má jókòó sórí àpótí, kó má sì gbé ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ jì wọ́n títí dókítà yóò fi ní ó tó. Ẹ bá wọn wá àga gíga. Bí wọ́n bá sì ní ó ń dun àwọn, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe ọkàn akin. Ẹ gbà wọ́n gbọ́, kí ẹ pe dókítà.