Ta Ni A Fi Sílẹ̀ Nílé?

Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: ǹjẹ́ ohun tí ó so àwọn kan pọ̀ lè jẹ́ ohun tí yóò ti ẹlòmíràn sẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ní èrò búburú lọ́kàn? Ohun tí ojú wa rí nígbà tí a ń ṣe olùkọ́ ni ó mú wa bèèrè bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1988, a kó àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn lọ sí Jọ́ọ̀sì nínú ọlidé gígùn. Àwọn mẹ́rìnlélógún ni wọ́n forúkọ sílẹ̀. Kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ara wọn ju kí wọ́n kí ara wọn lójú ọ̀nà lọ. Nítorí náà ni àwa olùkọ́ fi pinnu pé, kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, kí a kọ́kọ́ kó wọn lọ ṣe ìgbafẹ́ ọjọ́ kan ní Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n lè mọwọ́ ara wọn.

Èrò náà dára, a kò sì yí ọkàn padà lórí rẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ènìyàn yóò bá rin ọ̀nà jíjìn, ó yẹ kí ó ti mọ ìwà rẹ̀ kí wọ́n tó sọdá Odò Ọya. Ìwé wòlíì Ámósì, orí kẹta, ẹsẹ kẹta, kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Olúmọ lọ́jọ́ náà, kò tíì sí ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wa fi gùn ún. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú jù ní kíláàsì ni ẹ̀rù bà jù nígbà tí ó bojú wo ìsàlẹ̀. Ọmọ kan tí a kì í sábà gbọ́ ohùn rẹ̀ ni ó dì í lọ́wọ́ mú títí wọ́n fi dé òkè. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n pín mọ́ínmọ́ín àti búrẹ́dì, wọ́n sọ ara wọn ní orúkọ àwàdà, wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí a ń padà bọ̀, orin kan náà ni gbogbo bọ́ọ̀sì ń kọ. Inú wa dùn. A rò pé ohun tí a ń wá ti tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tàlélógún ni a kó lọ. Ó ku ẹnì kan.

Ẹ̀kọ ni ìyá ọmọ náà ń tà. Ọdún kejì lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986 ni, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyá yìí ń san owó Jọ́ọ̀sì láti oṣù kìíní. Nígbà tí a wá bu náírà mẹ́wàá mìíràn lé e fún Olúmọ, ó ní kí ọmọ mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ọmọ mú Jọ́ọ̀sì. Ó wá sọ fún wa, a sì dá a lóhùn pé kò burú, pé Olúmọ kò pọn dandan. Bí a ṣe wí nìyẹn, a kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Jọ́ọ̀sì mọ̀ pé orí òkè ni ìlú náà wà, ó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,000. Òtútù ibẹ̀ nínú oṣù kẹjọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn. Yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti lọ ọlidé ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Kúbùsù kò kárí, àwọn ọmọ wa sì ti mọ ohun tí wọn yóò ṣe: wọ́n fa bẹ́ẹ̀dì mọ́ra, ẹni méjì tàbí mẹ́ta wọ abẹ́ kúbùsù kan. Nígbà tí a ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò lóru, a bá ọmọ ẹlẹ́kọ yìí lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, òun nìkan. Ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lé aṣọ tí ó fi ń sùn, ó ká jọ. A bi í pé kí ló dé tí kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sùn. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà. Wọ́n ti pé."

A tú ìró wa, a fi bò ó. Ní ọjọ́ kejì, a kó wọn lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní Jọ́ọ̀sì ní ọdún 1952, níbi tí àwọn orí amọ̀ àtijọ́ ti Nok wà. Bí wọ́n ti rí ọ̀kan nínú àwọn orí náà, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, nítorí ó jọ orúkọ tí wọ́n sọ ẹnì kan ní Abẹ́òkúta. Ọmọ yìí bèèrè ohun tí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan dá a lóhùn, láìní ìkà nínú, pé, "Ọ̀rọ̀ Olúmọ ni, kò lè yé ẹ."

Ìgbà náà ni ó yé àwa. Nígbà tí a ń padà bọ̀ wálé, a mú un jókòó ti ọmọ jẹ́jẹ́ tí ó di ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ mú lórí àpáta, a sì ní kí ó sọ ìtàn Olúmọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti Jẹ́bbà títí dé Ìlọrin ni ó fi ń sọ ọ́, a sì gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Kí a sọ òtítọ́, kò sí ìkankan nínú àwọn ọmọ náà tí ó burú. Wọn kò bú u, wọn kò lé e. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ara wọn ni kò fi àyè sílẹ̀ fún un, àwa àgbà ni a sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún dùn wá pé Olúmọ gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀. Abẹ́ àpáta yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé sá sí ní nǹkan bí ọdún 1830. Nígbà tí àwọn Òwu dé lẹ́yìn wọn ní nǹkan bí 1834, ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé ìlú ti pé. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé: ṣé nítorí ọmọ kan ṣoṣo ni kí àwọn mẹ́tàlélógún má ṣe gbádùn? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí a bá fi àádọ́ta kọ́bọ̀ kún owó olúkúlùkù wọn, náírà mọ́kànlá àti ààbọ̀ ni ì bá jẹ́. Owó ọmọ náà ì bá pé, a ó sì rí ìyókù fi kún búrẹ́dì. Kì í ṣe owó ni a kò ní, ìrònú ni. Ẹlòmíràn lè wí pé ìtìjú ni kí a máa san owó fún ènìyàn. Lóòótọ́ ni, bí a bá kéde rẹ̀. Bí a kò bá kéde rẹ̀, ta ni yóò mọ̀?

Àwọn tí wọ́n ṣáájú wa nínú Mẹ́tọ́díìsì ti bá irú rẹ̀ pàdé. Ní ìlú Bristol, nínú oṣù kejì ọdún 1742, gbèsè ilé ìpàdé wà lọ́rùn ẹgbẹ́ John Wesley. Wọ́n dábàá pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Ẹnì kan ní àwọn tálákà wà láàárín wọn tí agbára wọn kò ká a. Captain Foy wá ní kí wọ́n fi mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tòṣì jù sí abẹ́ òun. Ẹni tí kò bá lè san, òun yóò san án fún un. Àwọn yòókù náà gba mọ́kànlá mọ́kànlá. Bí wọ́n ti ń lọ láti ilé dé ilé nítorí pẹ́nì yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mọ bí olúkúlùkù ṣe ń gbé ayé rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìpàdé kíláàsì wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè san ni wọ́n rò mọ́ ọn, ìyẹn ni ó sì so gbogbo wọn pọ̀.

Àwa obìnrin ìjọ ńkọ́? Kí a tó lọ sí ìpàdé ńlá, a ń rán aṣọ ẹgbẹ́, a ń jáde ṣe fàájì, a sì ń kó àwàdà bọ̀ tí àwa nìkan gbọ́. Opó kan kò lè ra aṣọ, ó ní ara òun kò yá. Àwa a ní, "Ó ti sọ pé òun kò lè wá." Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Kí ẹnì kan rọra lọ sí ilé rẹ̀, kì í ṣe ní iwájú ìpàdé. Kí a ro gbogbo ìnáwó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a má ṣe máa bu òmíràn lé e lẹ́yìn tí ẹni tí kò ní ti sa gbogbo agbára rẹ̀. Bí kò bá sì lè wá nítòótọ́, nígbà tí a bá dé, kí a mú un jókòó sáàárín wa, kí a sọ ìtàn náà fún un títí òun náà yóò fi rẹ́rìn-ín.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Kí a tó wí pé a ti pé, ẹ jẹ́ kí a ka ara wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí Olúwa la ojú wa láti rí ẹni tí kò sí láàárín wa. Àmín.