Ta Ló Ni Ìyókù Ayé Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Ń Ṣàìsàn?

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn ìwé tí mo kà ní yunifásítì ò sì dáhùn: bí ọkàn bá ti ṣàìsàn, ta ló ni ìyókù ayé ẹni náà? Ṣé òun fúnra ẹ̀ ni, àbí àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rù pé ó lè kú? Nọ́ọ̀sì ni mí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àwọn tó ń gbádùn bọ̀ lẹ́yìn àìsàn ọkàn ni mò ń tọ́jú. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kárafáànù yẹ ìbéèrè yìí wò.

Ẹ mọ̀ ọ́n: ilé kékeré onítáyà tí àwọn òyìnbó ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwa yòókù á máa pòṣé lẹ́yìn wọn lójú títì. Kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ilé là ń fi owó kọ́, a kì í fi ra ilé tí wọ́n ń wọ́ kiri. Ṣùgbọ́n bàbá kan rà á. (Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.) Ó wa bọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìntì. Òun àti ìyàwó ẹ̀ máa ń gbé kárafáànù lọ sí Whitby, sí Wales, sí Lake District, wọ́n á máa din dòdò létí omi. Heart attack wá dé. Wọ́n la iṣan ọkàn ẹ̀, wọ́n fi stent sí i. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta nǹkan yìí. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ sinmi." Bàbá yíjú sí mi: "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ṣé kí n tà á ni?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ọmọ. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Òun ni wọ́n máa pè lóru. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan ò dá ni ara ẹ̀. Ìyàwó, ọmọ àti ẹbí ní ìpín nínú ẹ̀mí ẹni.

Ibì kan sì wà tí kò sí àríyànjiyàn rárá, ìyẹn ojú títì. Bí ẹni tó ń fa ẹrù tó lé ní kílò 1,000 bá dákú nídìí ọkọ̀, òun nìkan kọ́ ló máa fara gbá a. Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà. Fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, ẹni tó ní heart attack, tí wọ́n la iṣan ẹ̀ láṣeyọrí, tí kò sì ku iṣẹ́ abẹ mìíràn, kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 1. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4. Ẹni tí wọ́n fi pacemaker sí lára náà á fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 1, á sì sọ fún DVLA. Ewu tí mo gbé ka orí ara mi, a lè jọ jíròrò lé e. Èyí tí mo gbé ka orí ọmọ ọlọ́mọ, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, tí dókítà sì ti gbà pé ara ti yá, kí ló kù lọ́wọ́ ọmọ yìí? Ẹ̀rù ló kù. "Ẹ jókòó" dà bí ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ìjókòó ní ewu tiẹ̀. Ìrìn ni ọkàn ń fẹ́. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani: àwọn àgbà mọ̀ pé ikú wà nínú ilé náà. Kí sì ni gbogbo oògùn àràárọ̀ yẹn wà fún? A ò la iṣan bàbá yìí nítorí kó lè máa ṣọ́ ilé.

Ìṣọ́ra kì í ṣe ọ̀tá ìgbádùn; owó ọkọ̀ ìgbádùn ni. Àgbá omi tí wọ́n ń yí lọ síbi kárafáànù lè gba lítà 40, kílò 40 nìyẹn. Ẹ bù ú ní ìdajì, kẹ́ ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fọwọ́ ti kárafáànù. Ẹ̀rọ wà tó ń tì í. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, ẹ má fò ó nítorí ìrìn-àjò. Ẹ bi dókítà yín nípa àkókò tẹ́ ẹ lè lò ó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí láàárín òkè nígbà míì, ẹ mọ ibi tí fóònù ti ń mú kílẹ̀ tó ṣú. GTN gbọ́dọ̀ wà lápò, kì í ṣe nínú báàgì. Bí àyà bá ń ro yín, ẹ jókòó, ẹ fín in sábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ tún un fín. Bí ó bá ṣì ń ro yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 mìíràn, ẹ pe 999.

Gbogbo ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni kí ọ̀gá awakọ̀ gbà kí ìyàwó ẹ̀ wakọ̀. Láti December 2021, ẹni tó ní ìwé ìwakọ̀ mọ́tò lásán lè fa ẹrù tó tó kílò 3,500 láìṣe ìdánwò mìíràn, bí mọ́tò náà bá lágbára ẹ̀. Ìyàwó lè kọ́ ọ. Ọmọ náà lè kọ́ ọ.

Èsì mi nìyí: ẹ má tà á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àyà ríro pamọ́ nítorí kí wọ́n má baà dá ìrìn-àjò dúró. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti já ìdè àárín òun àtàwọn tó ní ìpín nínú ẹ̀mí ẹ̀. Ọmọ náà, dípò "ẹ tà á," kó ní "ẹ kọ́ mi."

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé létí omi yẹn gan-an ni bàbá máa kú sí. Mi ò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìbànújẹ́ ńlá ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n kò ní sọ pé lílọ rẹ̀ burú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní òbí tí a tì mọ́lé níbí, nítorí òtútù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, kẹ́ ẹ tó bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn, ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n fẹ́ lọ.