Ǹjẹ́ Ohun Tí Kò Ní Orúkọ Ní Ẹ̀tọ́?

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa: ǹjẹ́ ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́ wa? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ojoojúmọ́ ni a ń fi àdá, ìgbálẹ̀ àti iná dá a lóhùn, bí ẹnu wa tilẹ̀ dákẹ́.

Aláǹtakùn ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yà aláǹtakùn kékeré kan wà nínú igbó ilẹ̀ olóoru Áfíríkà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lathrothele. Wọ́n ti rí i ní Côte d'Ivoire ní ìwọ̀-oòrùn wa, wọ́n sì ti rí i ní Kamẹrúùn àti Kóngò ní ìlà-oòrùn wa. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú àwọn aláǹtakùn tí ń ta aṣọ ìkélé. Àwọn wọ̀nyí kì í ta okùn róbótó sáàrin ẹ̀ka igi. Ibi kọ́lọ́fín ni wọ́n ń fẹ́: abẹ́ òkúta, abẹ́ igi tí ó ti ṣubú, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tí ó ya. Ẹ̀yà ara méjì tí ó gùn bí ìka wà ní ìdí wọn, ibẹ̀ ni okùn ti ń jáde. Wọn a máa jù ú sọ́tùn-ún sósì, bí ọwọ́ ahunṣọ ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀, títí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò fi bo gbogbo ẹnu ihò. Aṣọ náà kò lẹ̀ mọ́ni. Ẹsẹ̀ kòkòrò ni ó ń há sí i. Bí ó bá ti mì, onílé a sáré jáde. Eyín oró rẹ̀ a sì sọ̀ kalẹ̀ bí ọkọ́ àgbẹ̀; kì í pàdé ara wọn bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, bí ti àwọn aláǹtakùn inú ilé wa.

Ní 1965 ni onímọ̀ kan, Pierre Benoit, sọ ẹ̀yà yìí lórúkọ. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú un, ìtumọ̀ apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ni ìkọ̀kọ̀. Yorùbá ní tirẹ̀ ń pe gbogbo wọn ní aláǹtakùn, ẹni tí ń ta okùn. Ọ̀kan wo ibi tí ẹ̀dá náà sá sí, èkejì wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ohun tí èdè wa kò yà sọ́tọ̀ kò kàn wá. Mo bi wọ́n léèrè: ìkókó ọlọ́jọ́ márùn-ún ńkọ́? Ọjọ́ kẹjọ kò tíì pé, a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Síbẹ̀ ìyá àgbà ti ń wẹ̀ ẹ́, òrí ti wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè dán an wò ní gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ pé kì í ṣe ènìyàn. Ìtọ́jú ti ṣáájú orúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Lathrothele ti ń ta aṣọ rẹ̀ kí 1965 tó dé. Orúkọ kì í dá ẹ̀tọ́ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí ó ti wà ni ó ń jẹ́rìí sí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó ń dáko ní Ìkẹ́nnẹ́, gba ọ̀nà mìíràn yọ sí mi. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé aláǹtakùn ni yóò san owó ilé-ìwé rẹ?” Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìbéèrè náà, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí àgbẹ̀ bá ṣán igbó láti gbin ẹ̀gẹ́, tàbí obì gbànja tí ó sọ Ṣágámù di ìlú tí àwọn oníṣòwò Hausa mọ̀ dáadáa, ó ní ìdí tí ó lè sọ jáde láàrin àwùjọ, ojú kò sì ní tì í.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀bá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978. Katakata a dé, a ha gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, igi, òkúta àti ohun abẹ̀mí tí ó wà lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ mìíràn a wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kò sí ilé, kò sí oko, koríko nìkan. Kí ni ìdí? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, yóò ní ilẹ̀ òun ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àṣẹ yàtọ̀ sí ìdí.

Ibi tí mo dúró sí nìyí. Èmi kò wí pé kí a má gbálé, tàbí kí àgbẹ̀ fi ọkọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí yóò parun ni ó jẹ gbèsè àlàyé, kì í ṣe ẹni tí a fẹ́ parun. Bí ẹ̀dá náà bá sì ṣe kéré tó ni gbèsè náà ṣe wúwo tó, nítorí kò lè pè wá lẹ́jọ́. Ènìyàn wo ni kì í hùwà rere níwájú ẹni tí ó lè san án padà fún un? Níbi tí kò ti sí ẹlẹ́rìí ni a ti ń mọ ọmọlúàbí.

Iṣẹ́ wá kù fún àwa tí a ń kọ́ èdè. Ohun tí a bá ní orúkọ fún ni ojú wa ń tètè rí. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní aláǹtakùn aláṣọ-ìkélé, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n kí a tètè ṣe é, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí a bá sọ orúkọ náà tán, kò ní sí ẹni tí yóò jẹ́ ẹ mọ́.