Ọmọ Tí Ń Sunkún Nínú Ọkọ̀ Èrò

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọmọdé ni ó kàn, ọ̀ràn ọmọdé kì í sì í sábà dé àárín ìgbìmọ̀ àgbà. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí a bá mú ọmọ ọdún kan tàbí méjì rin ìrìn àjò, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ha tọ́ kí a fi fóònù lé e lọ́wọ́ kí ó máa wo àwòrán, kí ó lè dákẹ́ bí? Mo gbọ́ tí àwọn ìyá méjì ń jiyàn lórí rẹ̀ lẹ́yìn Mísà. Ọ̀kan ní ìwà ọ̀lẹ ni. Èkejì ní kí ẹni tí kò bá tí ì dá gbé ọmọ láti Ìbàdàn dé Èkó rí pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Èmi kò dá sí i ní ọjọ́ náà, nítorí pé ọwọ́ èmi fúnra mi kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ẹ ó gbọ́ bí ó ti rí.

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Ìwó Ròòdù ní Ìbàdàn, mo ń lọ sí Èkó. Ìyá ọ̀dọ́ kan jókòó sí iwájú mi, ó gbé ọmọkùnrin kan tí kò tí ì pé ọdún méjì lé itan, àpò ńlá kan sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a fi máa kọjá Ògèrè, ọmọ náà ti jẹ bisikíìtì, ó ti mu omi, ó ti fa gèlè ìyá rẹ̀ tú, ó ti ta ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nípàá, kò sì sí ohun tuntun mọ́ tí ó lè ṣe. Ìgbà náà ni ọkọ̀ wa wọ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, a kò lọ síwájú, a kò lọ sẹ́yìn. Oòrùn mú. Ọmọ náà la ẹnu, ó sì figbe ta.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan pòṣé. Obìnrin kan bèèrè bóyá ibà ni ó ń ṣe ọmọ náà. Ẹlòmíràn ké láti ẹ̀yìn pé, “Ìyá ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí i, orí ń fọ́ wa.” Obìnrin náà ń bẹ gbogbo wa, ó ń wí pé, “Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, oorun ni ó ń kùn ún,” omi sì ti lé ròrò sí òun náà lójú. Nígbà náà ni mo yọ fóònù mi, mo wá àwòrán kan níbi tí àwọn ẹranko ti ń kọrin tí wọ́n sì ń jó, mo nà án sí ọmọ náà láti ẹ̀yìn. Ẹkún náà dá wáì. Gbogbo ọkọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin tí ó ń pòṣé wí pé, “Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ gbà wá.” Mo sì fẹ̀yìn tì bí ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ àánú ńlá kan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, ta ni mo fún ní àlàáfíà? Kì í ṣe ọmọ náà. Oorun ń kùn ún, kò sì sùn. Ó la ojú kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀, kò sì wo ìyá rẹ̀ mọ́. Etí ara mi ni mo ra ìsinmi fún, ọmọ ọlọ́mọ ni mo sì jẹ́ kí ó san owó rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé arúgbó kan ni ó ń kùn sí ohun ìgbàlódé. Àwọn tí ìtọ́jú ọmọdé jẹ́ iṣẹ́ wọn ti yẹ ọ̀ràn yìí wò fínnífínní. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5. Wọ́n ní kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan wo àwòrán ẹ̀rọ rárá; wọ́n kò gbà á nímọ̀ràn fún ọmọ ọdún kan pẹ̀lú; ní ti ọmọ ọdún 2 sí 4, kí ó má ṣe ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bí ó bá sì kéré sí i, ó tún sàn jù. Ẹ kíyè sí i pé ìlànà náà kò pe ẹ̀rọ ní májèlé. Ohun tí ó jẹ wọ́n lógún ni ohun tí ẹ̀rọ ń gba àyè rẹ̀, èyíinì ni eré, oorun, àti ọ̀rọ̀ láti ẹnu àgbà. Wọ́n ní nígbà tí ọmọ bá jókòó sí ojú kan, kí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ máa ka ìwé fún un, kí ó sì máa sọ ìtàn fún un.

Ohun mìíràn wà tí ó yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ oṣù 9 tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbọ́ nílé. Fún àwọn kan, àwọn tí ń sọ èdè ilẹ̀ Ṣáínà jókòó tì wọ́n lójúkojú, wọ́n ka ìwé fún wọn, wọ́n bá wọn ṣeré, ní ìgbà 12, ìṣẹ́jú 25 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Fún àwọn mìíràn, àwọn olùkọ́ kan náà ni, irú ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n nínú àwòrán ẹ̀rọ ni àwọn ọmọ ti rí wọn. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn ọmọ ti ìṣáájú ti mọ ìyàtọ̀ ìró èdè àjèjì náà. Àwọn tí ó wo àwòrán kò kọ́ nǹkan kan.

Àwọn bàbá wa kò dúró de Seattle kí wọ́n tó wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí kò tí ì lè sọ gbólóhùn kan ń ka ojú wa bí ẹni ń ka ìwé. Bí ó bá rí ajá tí kò rí rí, ojú ìyá rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ wò, kí ó lè mọ̀ bóyá kí òun sá tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Nínú ọkọ̀ èrò, níbi tí gbogbo nǹkan ti ṣàjèjì sí i, ìgbà náà gan-an ni ojú náà wúlò fún un jù. (N kò tí ì sọ ti èdè tí àwọn ẹranko inú fóònù náà ń sọ, tí àwọn ọmọ wa fi ń mọ orúkọ ẹran ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó mọ orúkọ ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìyẹn di ọ̀sẹ̀ mìíràn.)

Ẹkún pàápàá sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. A kò bí sùúrù mọ́ ọmọ. Bí a bá gbé e mọ́ra nígbà tí ó ń ké, tí a rọra ń mì í, tí a ń kọrin sí i létí, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹkún náà, bí ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà tí àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà, yóò mọ bí a ti ń sọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2022, Jenny Radesky ti Yunifásítì Michigan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5. Wọ́n rí i pé àwọn tí a sábà máa ń fi ẹ̀rọ pa lẹ́nu mọ́, pàápàá àwọn ọmọkùnrin àti àwọn ọmọ tí ara wọn kì í balẹ̀, ni inú wọn túbọ̀ ń tètè ru ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ rí i pé ẹkún tí a rò pé a pa, a kàn sún un síwájú ni.

Bí mo bá dúró níhìn-ín, àwọn ìyá ni gbogbo ẹ̀bi yóò wó lé, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni yóò ka ojú ìwé yìí sí aya wọn létí ní ọ̀sán òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù, ọ̀rọ̀ kò tí ì parí.

Obìnrin tí kò sùn ní òru, tí ó dá gbé ọmọ, tí ó dá ru ẹrù, tí gbogbo ọkọ̀ ń pòṣé sí, bí ó bá fún ọmọ rẹ̀ ní fóònù fún ìdajì wákàtí kí ọkàn òun náà lè balẹ̀, èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará wa ń gbé ọmọ bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù wá kí àwọn òbí wọn, wákàtí bíi 6 nínú bàálù, lórí ìjókòó tí àgbàlagbà kò lè na ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ọkọ̀ tí ó dákú sí ojú ọ̀nà ní òru: ohun tí ó bá lè mú ọjọ́ náà kọjá, kí a fi mú un kọjá, kí a má sì ṣe tún un rò. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù tí ìyá àgbà fi ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé ojú ń dá ojú lóhùn níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ti Amẹ́ríkà pàápàá yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú ìmọ̀ràn wọn ti ọdún 2016.

Èyí tí mo ń bá wí ni fóònù tí a ti pèsè sílẹ̀ kí ọmọ tó sunkún rárá, tí a fi lé e lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì, tí a kò gbà á títí a fi débi tí a ń lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni bàbá àti ìyá pàápàá ti tẹ orí ba sí fóònù tiwọn, tí wọ́n sì ń bínú pé ọmọ ń fẹ́ irú rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ọwọ́ yín pẹ̀lú lè gbé ọmọ. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè dúró lójú ọ̀nà níbi tí kò léwu kí ọmọ na ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá lè wọ ọkọ̀ ojú irin tí a ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní ọdún 2021 yóò rí àyè rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ìwọ̀nyí kò ṣòro. Ohun tí ó ṣòro kàn àwa tí a kò gbé ọmọ kankan.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wo òwe náà dáadáa, kò bá ìyá ọmọ wí. Ẹ̀yìn ni ìyá pọn ọmọ sí, kò sì sí ẹni tí ń rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó ń rí i pé orí ọmọ ti wọ́, òun ni ó sì yẹ kí ó tún un ṣe. Ẹ̀yìn ìyá ọmọ yẹn gan-an ni mo jókòó sí. Ìhìnrere Lúùkù Mímọ́ sọ fún wa pé nígbà tí Olúwa wa jẹ́ ọmọ ọdún 12, Màríà àti Jósẹ́fù rin odidi ọjọ́ kan kúrò ní Jerúsálẹ́mù kí wọ́n tó wá a, nítorí wọ́n rò pé ó wà láàárín àwọn ìbátan àti ojúlùmọ̀ wọn nínú ẹgbẹ́ èrò. Nígbà tí a bá ń ka ìtàn náà, ìrora wọn ni a sábà máa ń rò. Èmi a máa ro ohun tí ó jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Irú èrò wo ni wọ́n bá rìn, tí ìyá fi lè gbà láìbèèrè pé ọmọ òun kò lè ṣe aláìní ẹni tí ń mójú tó o? Ṣé ìyá kan lè rò bẹ́ẹ̀ nípa wa nínú bọ́ọ̀sì Ìwó Ròòdù? Ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀ wá, kò sì ṣẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn mi. Ní Mọ́wé, iná inú fóònù mi tán. Ẹkún tí ó tẹ̀ lé e ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ní àkọ́kọ́, oorun nìkan ni ó ń kun ọmọ náà. Nísinsìnyí, a ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ìyá àgbà kan tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan láti Ìbàdàn wá na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, “Gbé e fún mi, ọmọ mi. Kí ni oríkì rẹ̀?” Ìyá ọmọ ní, “Àjàní ni, mà.” Ìyá àgbà gbé e lé itan, ó ní, “Àjàní, ọkọ mi, ta ló nà ọ́?” Kò dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín, ó ké fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó sì ń tiraka láti bọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà kò kánjú. Ó tú etí aṣọ rẹ̀ níbi tí ó di owó sí, ó ní kí Àjàní bá òun dì í padà, ó tún tú u. Lẹ́yìn náà ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó ń pe gbogbo ohun tí ń kọjá ní orúkọ fún un: tírélà, ọlọ́kadà, oníbúrẹ́dì. Nígbà tí a dé Kárà, níbi tí àwọn màlúù pọ̀ sí ní etí afárá, ó ní, “Àjàní, wo màlúù!” Ọmọ náà na ìka, ó ní, “Àúù!” Ọkùnrin tí ó ń pòṣé náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó gbọ́ o.”

Kí a tó dé Bẹ́gà, Àjàní ti sùn lọ sí àyà ìyá àgbà náà. Ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ti sùn, orí rẹ̀ gbé ara lé fèrèsé, gèlè rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká. Àwa yòókù nínú ọkọ̀ sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí a má baà jí wọn.