Àṣá Inú Fọ́tò

Fọ́tò àṣá tí a yà lójú òfuurufú máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kan ẹyẹ náà mọ́ ojú ọ̀run. Apá rẹ̀ nà, èékánná rẹ̀ yọ, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Níbo wá ni fífò náà wà?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ju kámẹ́rà lọ. Zeno ará Elea, ní gúúsù Ítálì, ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù. Ọfà ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní àsìkò bíńtín kọ̀ọ̀kan, ọfà tí a ta kò gbà ju àyè tí ó tó o lọ. Ohun tí kò bá sì gbà ju àyè ara rẹ̀ lọ, ó dúró ni. Bí ó bá dúró báyìí, tí ó tún dúró ní àsìkò tó tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé kò lọ rárá. Aristotle kò gbà. Lójú tirẹ̀, àkókò kò ṣe é tú sí ẹyọ ẹyọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Nínú ìsinsìnyí tí kò ní gígùn, nǹkan kan kò lè rìn, kò tilẹ̀ lè dúró.

Kámẹ́rà kọ́kọ́ jọ ẹlẹ́rìí Zeno. Ní 1882, ní Naples tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Elea àtijọ́, Étienne-Jules Marey, onímọ̀ ará Faransé, kọjú kámẹ́rà tó rí bí ìbọn sí àwọn ẹyẹ òkun. Àwòrán 12 ni ó ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹyẹ kankan kò sì kú. Gbogbo wọn ló dúró gbagidi nínú àwòrán.

Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà ṣe ń ṣiṣẹ́ ló tú àṣírí. Àṣá tí wọ́n ń pè ní peregrine lè já wálẹ̀ ní eré tó ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Ká pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 2000, kí ojú kámẹ́rà ṣí fún ìpín kan péré, ẹyẹ náà yóò ti rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Ìrìn ló wà nínú fọ́tò náà, bó ti wù kó kúrú tó. Àfi kí ojú kámẹ́rà má ṣí rárá kó tó lè mú àsìkò tí kò ní gígùn, fọ́tò yẹn yóò sì dúdú bí èédú. Èdè Yorùbá náà fura: «ń» inú «ń fò» kò bá ohun tí kò gba àkókò mu. Àwòdì tó ń rábàbà lórí òròmọdìẹ lè má kúrò lójú kan, síbẹ̀ kò sí ìyá adìẹ tí yóò gbà pé ó ń sinmi.

Ẹ̀rí tó tún lágbára jù wà ní ṣóńṣó ìyẹ́. Bí idì bá ń gbá apá sísàlẹ̀, orí àwọn ìyẹ́ gígùn etí apá rẹ̀ a tẹ̀ sókè, nítorí afẹ́fẹ́ ń tì wọ́n láti ìsàlẹ̀. Ìyẹ́ idì tó bà sórí igi kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú Zeno, ní àsìkò bíńtín kan, ọfà tó ń lọ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀. Nínú fọ́tò tí kò mira yìí, ìyẹ́ mẹ́ta mẹ́rin tó tẹ̀ ti fi ìyàtọ̀ hàn.